Kọ́kọ́rọ́ Wà Nínú Ilé

Àjò kì í dùn kí onílé má relé:
àwọn tí ilé wọn ní ìpìlẹ̀ ló pa òwe yẹn.
Tiwa, orí táyà ló dúró sí, ó ní sítíárìn,
ó ní fèrèsé tí ajá méjì ń yọ imú gbà.
Bí ìgbín bá fà, ìkarahun a tẹ̀lé e.
Bẹ́ẹ̀ ni èmi àti Gunnvor ṣe kúrò ní Trondheim
lọ́jọ́ kejì tí mo fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ rélùwéè,
a forí lé àríwá, níbi tí oòrùn
kì í ti í wọ̀ lóṣù kẹfà.

Pelle ti darúgbó. Etí rẹ̀ méjèèjì ti di,
imú nìkan ni kò tíì fẹ̀yìn tì.
Tussa kò tíì pé ọmọ ọdún méjì;
gbogbo àgùntàn tó bá dúró lẹ́bàá títì,
ó gbà pé òun ni wọ́n wá kí.

Lọ́jọ́ kejì a gbàgbé láti ká àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà.
Òkúta kan nítòsí Mosjøen bá wa ká a,
ó ká a kọjá ibi tó yẹ.
Gunnvor ní èmi ló yẹ kí n wò ó.
Mo ní ta ló sọ pé ẹ̀yìn mọ́, kí n máa lọ?
A ò bá ara wa sọ̀rọ̀ fún ogójì kìlómítà.
Nígbà tí a ó fi rántí pé a lẹ́nu,
Tussa ti ṣí fíríìjì, ó ti jẹ sọ́sééjì méjìlá,
ó jókòó sáàárín wa, ó ń wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan
bí adájọ́ tó gba rìbá lọ́wọ́ apá méjèèjì.

(Páìpù abẹ́ síǹkì náà jò, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni.
Ìbọ̀sẹ̀ mi kan la fi dí i.)

Bodø. Etíkun. Òjò wínníwínní.
A tò sẹ́yìn ọkọ̀ mọ́kànlá,
à ń dúró de ọkọ̀ ojú omi tí yóò gbé wa dé Lofoten.
A ní ká sọ̀ kalẹ̀, ìṣẹ́jú kan péré,
ká wo àtẹ̀gùn wíwọ́ yẹn,
bàtà inú ilé lẹ́sẹ̀ wa, ẹ́ńjìnnì ń kùn.
Tussa fò sórí àga awakọ̀, ó fẹ́ mọ ohun tí à ń wò,
ó fẹsẹ̀ tẹ bọ́tìnnì kan.
Kà!

Kọ́kọ́rọ́ wà nínú ilé.
Ilẹ̀kùn ti tì.
Àwa onílé wà nínú òjò.

Wọ́n ní ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ.
Ó dáa. Bó bá wá jẹ́ ọdẹ ló sọnù ńkọ́,
tí ajá jókòó sídìí sítíárìn, tó ń ju ìrù,
tí wáípà iwájú sì ń bá a ju tirẹ̀?
Gunnvor bẹ̀ ẹ́. Ó fi orúkọ dídùn pè é,
irú èyí tí kò fi pe èmi láti ọdún tí a ṣègbéyàwó.
Tussa rò pé eré ni. Ó gbó.
Ọkọ̀ ojú omi dé. Àwọn tó wà lẹ́yìn wa fọn fèrè,
ẹ̀ẹ̀kan péré, ojú sì tì wọ́n.

Ọkùnrin kan yọ, aṣọ òjò rẹ̀ pọ́n bí ọsàn,
òórùn ẹja ti wọ̀ ọ́ lára. Eilert.
Kò bi wá ní ohunkóhun.
Ó wo ajá tó ń gbó. Ó wo èyí tó ń sùn.
Ó fa pánlá kan yọ lápò, ó gbẹ, ó le bí pákó,
ó kì í bọ fèrèsé tí a ṣí ní ìwọ̀n ìka kan,
lókè bọ́tìnnì gan-an. Ó dúró.

Pelle kò gbọ́ fèrè, kò gbọ́ ẹ̀bẹ̀.
Imú rẹ̀ ló kọ́kọ́ jí.
Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn dìde, ti iwájú tẹ̀lé e,
ó fara ti ilẹ̀kùn, ó ń táràrà,
bí àgbàlagbà tó ń wá awò ojú rẹ̀ lórí kọ́bọ́ọ̀dù.
Kà!

“Ajá àgbà,” ni Eilert wí.
Gbogbo ọ̀rọ̀ tó sọ lójú òjò nìyẹn.

Ọkọ̀ ojú omi ti lọ. A se kọfí.
Ní ife kẹta ló tó sọ pé òun náà ní ajá kan rí.
Kò dárúkọ rẹ̀. A ò bi í.
Aago méjìlá òru lù, òjò dá,
oòrùn ṣì jókòó lórí òkun
bí àlejò tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó máa lọ.

Gunnvor so kọ́kọ́rọ́ mọ́ mi lọ́rùn bí agogo màlúù.
Àtẹ̀gùn ṣì wọ́.
À ń gbé ẹsẹ̀ ga wọlé wa.