Àlùfáà-Ń-Bọ̀

Aago márùn-ún ìdájí, òtútù Iléṣà ṣì lẹ̀ mọ́ páànù,
okùn agogo ti ń dúró de ọwọ́ mi.
Mo fà á lẹ́ẹ̀mejìlá.
Bàbá Arówólò ní mọ́kànlá ni òun gbọ́.
Ọmọ òṣómàáló ni bàbá yẹn:
bó bá ti lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì,
àfi kí n padà lọ fa ẹyọ kan tó kù.

Orúkọ mi ni Adégòróyè, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń pè é.
Àlùfáà-Ń-Bọ̀, jẹnẹrétọ̀ ò dáhùn.
Àlùfáà-Ń-Bọ̀, ogójì àga ni wọ́n ń retí níbi òkú Bọ́lọ́rundúró.
Àlùfáà-Ń-Bọ̀, ewúrẹ́ ti wọlé o,
ó ń jẹ òdòdó orí pẹpẹ!
Mo ń bọ̀, mo ń bọ̀,
ọdún kẹta rèé tí mo ti ń bọ̀, n kò tí ì dé.

Jọláadé, ẹnìkejì mi, ọmọ Ìpetu-Jẹ̀ṣà,
òun ni wọ́n kó àwọn ọmọdé àti akọrin lé lọ́wọ́.
Ọwọ́ kan ń darí orin, ọwọ́ kejì ń nu imú ọmọ ọlọ́mọ.
Lọ́jọ́ Ẹtì a pàdé lórí àtẹ̀gùn.
Ó ní, "Ìgbà wo lo gbàdúrà kẹ́yìn?"
Mo ní, "Níbi ìsìnkú àná."
Ó ní, "Tìrẹ gan-an ni mo ń bi ọ́."
Jẹnẹrétọ̀ bá dáhùn lójijì,
èmi náà bá tirẹ̀ lọ.

Ní sẹ́mínárì a kọ́ èdè Gíríìkì,
a kọ́ bí a ṣe ń gé ìwàásù sí mẹ́ta bí ẹni gé iṣu.
Wọn ò kọ́ wa lóhun tí a ó sọ
fún ọkùnrin tó jókòó sórí búlọ́ọ̀kù lẹ́yìn ọsibítù Wẹ́sílì,
tó mú bàtà ọmọ jòjòló dání,
ẹsẹ̀ kan ṣoṣo.
Mo jókòó tì í.
Nígbà tó yá, mo bá a mú bàtà náà dání.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà ni wọ́n rán mi sí Màmá Ògúnlẹ́yẹ
nísàlẹ̀ odò Adétì,
ẹni tí orúnkún kò jẹ́ kó wá sílé Ọlọ́run mọ́.
Mo gbé búrẹ́dì àti wáìnì dání nínú àpò kékeré.
Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Baba wa tí ń bẹ ní ọ̀run."
N kò mọ ibi tí mo bá a dé.

Nígbà tí mo ṣíjú, wọ́n ti tan àtùpà,
ìborùn màmá wà léjìká mi.
Ife wáìnì ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀, ọwọ́ tó máa ń gbọ̀n,
ẹ̀kán kan kò dà sílẹ̀.
"Mo ti bá ọ parí rẹ̀," ló wí, "títí dé Àmín.
Ṣé wọ́n ń fún ọ lóúnjẹ níbẹ̀ yẹn?"
Mo fẹ́ tọrọ àforíjì.
Ó ní kí n fi ìyẹn sílẹ̀, kí n fa àwo iṣu mọ́ra.
Iṣu náà ti tutù. N kò jẹ irú rẹ̀ rí.
Lẹ́yìn náà ló na ife sí mi,
kí n tó rántí pé èmi ló yẹ kí n nà án sí i.

Lóru, mo tan tọ́ọ̀ṣì, mo kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù ilé-ẹ̀kọ́:
ìsìnkú méjì,
ìbẹ̀wò mẹ́sàn-án,
ewúrẹ́ kan.
Níbi tí wọ́n ti béèrè pé, "Ta ni o sìn lọ́sẹ̀ yìí?"
mo dúró pẹ́, bírò náà dúró.

Ó dàárọ̀ ná.
Mẹ́tàlá ni n ó fà lọ́la,
kí Bàbá Arówólò náà jẹ mí ní ẹyọ kan.