Ilẹ̀ Dídán ní Etí Ọ̀sà

Ọjọ́ Ajé la bẹ̀rẹ̀, ní Ẹ̀pẹ́, ní ìsàlẹ̀ Máríínà,
kí oòrùn tó yọjú lẹ́yìn ọ̀sà.
Àwa méje, ọkọ́ mẹ́ta, búrọ́ọ̀ṣì onírin mẹ́rin,
àti Mùtáírù tó ní apá ń ro òun,
ṣùgbọ́n tí ẹnu kì í ro.

Ewúrẹ́ la kọ́kọ́ lé kúrò.
Lẹ́yìn náà, àwọ̀n gbígbó, ìgèrè tó ti já,
páànù ìyanja mẹ́rìndínlógún,
ọkọ̀ ojú omi kan tó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀
bí àgbàlagbà tó ń sun oorun ọ̀sán.
Ọgbọ̀n ọdún ó lé mẹ́ta ni wọ́n fi sá ẹja sórí ilẹ̀ yìí.
Ó ti gbàgbé bí bàtà onítáyà ṣe ń dún.
Kódà òjò tó bá rọ̀ síbẹ̀, ṣàwá ló ń rùn.

"Ẹ máa fọ̀ ọ́ lọ," ni Ìyá Sínótù wí.
Orí agbada tó dojú dé ló jókòó sí, kò dìde fún wa.
"Nígbà tí ẹsẹ̀ ń yọ̀ níbí, ta ló yó?
Ẹja tí mo yan níbí ló rán ọmọ mẹ́rin níléèwé.
Bàtà onítáyà rán ta?"

Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn.
Mùtáírù pàápàá ń wo omi.

Èmi náà kò lè fèsì. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà náà,
tọ́rọ́ kan la fi ń yá bàtà fún wákàtí kan.
Irin ni ẹsẹ̀ rẹ̀, awọ ni okùn rẹ̀,
ó tóbi jù mí lọ, òwú ni mo fi ń dí iwájú.
Alàgbà Awúdù á fọn fèrè, á ní "Ó di ọ̀tún!"
gbogbo wa á sì yí lẹ́ẹ̀kan náà bí agbo lékèélékèé,
afẹ́fẹ́ ọ̀sà á kún inú yẹ̀rì mi,
n ó gbàgbé pé omi pípọn ń dúró dè mí nílé.
Ibẹ̀ ni mo ti ṣubú. Eyín mi kan wà níbì kan níhìn-ín.
Láti àárọ̀ ni mo ti ń wá a,
n kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ní ọjọ́ kẹrin, epo ẹja ṣí, èéfín ṣí,
òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n pò mọ́ sìmẹ́ńtì fojú hàn:
funfun, àwọ̀ ewé, àwọ̀ ẹ̀dọ̀.
Mùtáírù kúnlẹ̀. "Ẹ wá wo nǹkan."
Ní igun tó kọjú sí omi, àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọdé kan,
ìka márààrún pé,
ọmọ tó sáré kọjá kí sìmẹ́ńtì tó gbẹ.
Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo.
Bóyá wọ́n ti gbá a lápá mú kó tó gbé èkejì.

Ìyá Sínótù dìde.
A kò pè é. Ó bọ́ sálúbàtà rẹ̀ sílẹ̀,
ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún lé e,
ẹsẹ̀ rẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀, ó tún ṣẹ́ kù.
"Bàbá mi ló po sìmẹ́ńtì yìí. Ó nà mí lọ́jọ́ náà."
Ó rẹ́rìn-ín, ó dákẹ́, ó tún rẹ́rìn-ín.
"N kò wọ bàtà yẹn rí. Tọ́rọ́ kò sí."

Ẹnjiníà tó ti Èkó wá ní ká dí ojú ẹsẹ̀ náà,
kí táyà má baà há síbẹ̀.
A ní a ti gbọ́.
A kò dí i.
Ní ti páànù, mẹ́rin ṣì wà lẹ́yìn ògiri,
ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tíì tán láàárín àwa àti òun.

Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, tí omi ń lá etí gbàgede,
ó fà mí lápá, ó rẹ ohùn sílẹ̀
kí Mùtáírù má baà gbọ́:
"Ṣé wọ́n máa ń ṣe èyí tó gba ẹsẹ̀ wíwú?"