Etí Òsì

Ọdún mọ́kànlá ni ìtì igi náà fi wà lókè àjà Vigil,
igi páìnì orí òkè tó ń ta sánsán bí oje àti oyin.
Òun fúnra rẹ̀ ló gé e,
kó tó di pé orúkọ ajá rẹ̀ ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.
Ó máa ń wí fún mi pé: "Igi tí kò bá gbẹ, má gbẹ́ ẹ."
Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí nígbà náà. Mo rò pé ẹ̀fẹ̀ ni.

Lọ́dún yìí yìnyín dí ọ̀nà Ortisei pa.
Bọ́ọ̀sì kò wá, kò sẹ́ni tó wá ra áńgẹ́lì.
Mo gbé ìtì náà sórí tábìlì, mo fi irin dì í mú,
mo ní: Ọ̀gá, ẹ jókòó dáadáa.

Àáké kékeré ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.
Gbà. Gbà. Gbàgà.
Èjìká yọ, agbárí yọ, bí ẹni tó ń ti inú kùrukùru bọ̀
tí o kò tíì mọ̀ bóyá ẹbí ni tàbí àjèjì.
Ó kan ṣísẹ̀lì tí ẹnu rẹ̀ tẹ̀ bí èékánná,
èyí tó fún mi lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gé ara mi lọ́wọ́.
Àpá náà nìyí, lórí àtàǹpàkò, ó ṣì funfun.

Kókó kan yọjú ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún,
ó dúdú, ó le, ó ń ti irin padà.
Ọjọ́ méjì ni mo fi bá a bínú.
Mo wá lọ kí Vigil. Notburga ń fá irùngbọ̀n fún un,
abẹ rẹ̀ rọra yípo àmì dúdú kan ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún,
àmì tí mo ti ń wò fún ogún ọdún tí n kò rí.
N kò dúró mu kọfí.

Etí òsì ni ọwọ́ mi ti yẹ̀.
Ẹ̀rún kan ta, ó bọ́ sáàárín èérún igi tó kún ilẹ̀;
mo fi eékún wá a kiri títí iná sítóòfù fi kú.
Mo lẹ̀ ẹ́ padà, mo fi okùn dì í.
Ojú àlẹ̀pọ̀ náà ṣì wà níbẹ̀, tín-ín-rín bí irun kan ṣoṣo.

Mo fín ìpéǹpéjú. Mo fi pépà oníyanrìn dán iwájú orí,
mo dán imú, n kò dán ọrùn:
ọrùn àgbà tó ń dán, irọ́ ni.
Òróró, lẹ́yìn náà ìda oyin, pẹ̀lú àkísà irun àgùntàn,
igi náà sì ń pọ́n díẹ̀díẹ̀
bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pè lórúkọ.

Lọ́jọ́ Àìkú mo wé e ní bùláńkẹ́ẹ̀tì, mo fà á lórí yìnyín lọ sílé wọn.
Vigil kò wò ó. Ọwọ́ ló fi kàn án.
Ó gba iwájú orí, ó gba imú sọ̀kalẹ̀,
ó dúró lórí kókó, ó rẹ́rìn-ín sí nǹkan kan tí kò sọ.
"Ta nìyí?" ni Notburga bi í.
"N kò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n igi rẹ̀ gbẹ."
Ìka rẹ̀ dé etí òsì. Ó kọjá, ó padà.
Láti ìgbà ìkórè ni kò ti mọ̀ mí mọ́.
Ó yíjú sí mi, ojú tí mo ti ń bẹ̀rù láti kékeré:
"Crestina! Etí yìí kò gbọ́ràn. Tún un gbẹ́."

Mo ní, ó dáa, ọ̀gá.
N kò tún un gbẹ́.