Dúrọ́ọ̀ Kejì

Dúrọ́ọ̀ kìíní: gègé àti òǹtẹ̀ ìjọba.
Dúrọ́ọ̀ kejì, ẹ má ṣí i.
Ibẹ̀ ni mò ń fi bisikíìtì pamọ́ sí,
ṣinṣín inú ọ̀rá, mínírà pupa tí mo ti mu dé ìdajì,
súwíìtì mẹ́ta tó ti lẹ̀ mọ́ra wọn bí ìbẹta.
Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń tọ́jú fáìlì
ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, níbí ní Ìsánlú.
Ìyá Fáìlì ni wọ́n ń pè mí.
Wọn ò mọ̀ pé ìyá bisikíìtì ni mí.

Kí aago mẹ́wàá tó lù, ọwọ́ mi ti mọ ọ̀nà ibẹ̀
bí ewúrẹ́ ṣe mọ ọ̀nà oko ẹ̀gẹ́.
Ọ̀gá jágbe mọ́ mi, bisikíìtì.
Iná lọ, ṣinṣín.
Owó oṣù pẹ́, mínírà.
Owó oṣù dé, mínírà méjì.

Ìpanu là ń pè é,
ṣùgbọ́n ẹnu nìkan kọ́ ló ń pa.
Tó bá di aago méjì ọ̀sán, gbogbo wa á máa tòògbé,
Ràímì ońṣẹ́ á gbé lẹ́tà Ẹ̀ka Omi
lọ fún àwọn Ẹ̀ka Ọ̀nà.
Síkẹ́ẹ̀tì tí mo rán lọ́dún tó kọjá ńkọ́?
Bọ́tìnnì rẹ̀ ti kọ̀wé fipò sílẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan ni Tíṣà Bámiṣayé gun ọ̀kadà dé láti Èjìbà,
eruku ọ̀nà funfun lójú, funfun ní ìpéǹpéjú.
"Ọ̀kun o!" ó kí mi tìyanutìyanu.
Mo dá a lóhùn. Èmi tí mo jókòó látàárọ̀,
okun tèmi dà?
Fáìlì rẹ̀ ló wá béèrè, ìgbà kẹrin rèé.
Kó má baà sọnù ni mo ṣe tọ́jú rẹ̀ sí dúrọ́ọ̀ kejì.
Mo ṣí i.
Èèrà ti pe ìpàdé lórí lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ rẹ̀.
Mínírà ti jò sórí ọdún tó wọṣẹ́,
méje ti di ọ̀kan.

Ilẹ̀ ò lanu, ǹ bá kó sínú rẹ̀.
Bàbá ò bú mi.
Ó ti ọwọ́ bọ àpò, ó yọ ẹ̀pà sísè jáde,
ó dà á sórí tábìlì mi, ó ṣì ń lọ́ wọ́ọ́rọ́.
"Jẹ ẹ́, ọmọ mi.
Ẹ̀pà kì í jò sórí fáìlì."

Nígbà tí mò ń bó o ni mo wo ojú fèrèsé.
Ẹ̀yìn ọ́fíìsì wa kún fún igi kaṣú.
Àwọn ọmọdé ti yọ kóró rẹ̀ lọ tà,
èso pupa, èso ìyeyè ń jẹrà nílẹ̀,
oyin ń jẹ, àgùntàn ń jẹ,
àwa ń rán Ràímì lọ ra mínírà lẹ́bàá títì.

Abọ́ kan ti wà lórí tábìlì mi báyìí:
ẹ̀pà, òfìo, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tí mo gé lọ́gbà.
Ọ̀gá Ọmọ́níyì fi mí ṣẹ̀sín:
"Ṣé inú oko la wà ni?"
Ọ̀sẹ̀ yẹn ò parí, ọwọ́ ta ni mo bá nínú abọ́?
Kaṣú ń ta àbàwọ́n, ìta la ti ń jẹ ẹ́,
a ó bẹ̀rẹ̀ bí ọmọ iléèwé kí omi rẹ̀ má kan aṣọ.
Ràímì ti ń kó lẹ́tà débi tó yẹ,
lẹ́ẹ̀mejì nínú mẹ́ta.
Bọ́tìnnì kò tí ì padà sẹ́nu iṣẹ́.
Bisikíìtì kan ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀, lábẹ́ ìwé.
Mi ò ní purọ́ fún un yín.

Fáìlì Tíṣà ti lọ sí Lọ́kọ́jà, pẹ̀lú lẹ́tà ẹ̀bẹ̀
tí mo fọwọ́ ara mi kọ nítorí méje yẹn.
Wọn ò tí ì fèsì.
Ó ṣì ń wá béèrè,
àpò rẹ̀ ṣì ń wúwo fún ẹ̀pà.