Ọwọ́ Tí N Kò Rán Níṣẹ́

Ọwọ́ òsì mi ló dá bọ́ọ̀sì dúró ní Hull
láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, nínú òjò wínníwínní.
N kò lọ síbì kankan,
búrẹ́dì ni mo jáde wá rà.
Dẹ́rẹ́bà ṣílẹ̀kùn, ó ní kí n wọlé.
Apá mi tún fò sókè, ó gbá ilẹ̀kùn gbì.
"Ẹ má bínú," ni mo wí,
bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ ṣẹ àgbà.

A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni.
Tèmi ń júwe rẹ̀ láti àárọ̀,
ó ń júwe rẹ̀, ó sì ń jù ú nù,
ó da tíì sára ògiri,
ó gbá fọ́tò ìgbéyàwó wa lulẹ̀.
Doreen, ará òdìkejì, ń juwọ́ padà sí mi lójú fèrèsé.
Ó ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta
kó tó fa kọ́tìnì.

Wòlíì sọ lórí fóònù pé ọfà ni.
Ìbíwùmí ní rárá, rọpárọsẹ̀ ni.
Èmi ní oorun ni kò tó.
N kò sọ pé oṣù mẹ́rin rèé
tí mo ti pa oògùn àtọ̀gbẹ tì sínú kọ́bọ́ọ̀dù,
pé òùngbẹ ń gbẹ mí bí ilẹ̀ ọ̀dá,
pé ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni mo ń dìde tọ̀ lóru.

Lọ́sibítù, dókítà kékeré kan, Farzana,
kò wo apá náà pẹ́. Ìyàwó mi ló kọjú sí:
"Bó bá sùn ńkọ́?"
"Bó bá sùn, apá náà a sùn."
Ó mi orí. Ó gún mi níka,
ìka ọwọ́ ọ̀tún, èyí tó ń gbọ́ràn.
Ẹ̀rọ náà kọ mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n.
Ìbíwùmí wò mí. Kò sọ̀rọ̀.

Wọ́n ya àwòrán ọpọlọ mi:
lápá ọ̀tún, ibì kan funfun
bí ìyẹ̀fun tó dà sílẹ̀ nínú òkùnkùn.
Ṣúgà ló ṣe é, dókítà wí.
Ṣúgà, tí wọ́n fi kàn mí lẹ́nu
lọ́jọ́ tí mo gba orúkọ.

Lọ́jọ́ kẹta tí wọ́n ti ń fa ínsúlíìnì sí mi lára
apá náà bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀,
bí àlejò tó jà títí
tó wá rántí pé ilé onílé ni.
Ìka kékeré nìkan ló ṣì ń ka ohun tí n kò mọ̀.

Lónìí mo tún dé ibùdókọ̀ yẹn.
Dẹ́rẹ́bà ọjọ́sí rí mi, ó dẹ eré.
N kò lọ síbì kankan.
Mo na ọwọ́ òsì sí i, díẹ̀díẹ̀.
Èmi ni mo rán an.