Ìwé Owó Iná

Èmi ni mo ń pín owó iná nínú agbo ilé wa,
lẹ́yìn Akaba Ìdẹ̀nà, ní Kétu.
Yàrá mẹ́fà, kọ́ńtọ̀ kan ṣoṣo lára ògiri.
Wọ́n ní torí pé mo ti kọ́ ọmọ ní ìṣirò rí,
pé ọwọ́ tó ti di ẹfun mú kì í rẹ́ni jẹ.

Ojú ewé àkọ́kọ́:
gílóòbù mẹ́sàn-án, fáànù méjì,
fíríìjì kan, ti Ráfíátù tó ń ta omi dídì lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé,
ẹ̀rọ tí Lẹ́ònì onídìrí fi ń gbẹ irun.
Bàbá Sùnmọ́nù, rédíò nìkan.
Ojú rẹ̀ ti fọ́ láti ọdún mẹ́wàá.
Kì í tan iná. Ó ní kí ni òun fẹ́ fi iná wò?
Síbẹ̀ ó ń mú igba sẹ́fà wá lóṣooṣù,
kí wọ́n má baà sọ pé òun kì í ṣe ará ilé.

Lóṣù Ẹrẹ́nà, ẹgbẹ̀rún mọ́kàndínlógún.
Lóṣù Òkúdù, ẹgbẹ̀rún mọ́kànlélọ́gbọ̀n.
Gílóòbù ò pọ̀ sí i. Fáànù kan tilẹ̀ ti kú.
Mo ṣe ìṣirò náà lẹ́ẹ̀mẹta.
Mo to òkúta wẹ́wẹ́ sílẹ̀ fún Bàbá Sùnmọ́nù
kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kà á.
Ìṣirò ò ṣì. Nǹkan mìíràn ló ṣì.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, Lẹ́ònì ní fíríìjì ni.
Ráfíátù ní irun àwọn ìyàwó ni.
Ta ló gbàgbé gílóòbù ilé ìwẹ̀?
Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ na Múníru
torí pé ó kàwé di agogo mẹ́wàá,
ọmọ tó fẹ́ ṣèdánwò!
Ẹni tó ń gba owó ò sí láàárín wa.
Àwa nìkan là ń fi eyín gé ara wa jẹ.

Wọ́n ní epo ló wọ́n lókè òkun.
Mo gbà. Èmi náà ń ra gààrì.
Ṣùgbọ́n bí ẹrù bá wúwo,
a kì í fi orí ọmọ dán an wò.

Lọ́la, màá gbé ìwé yìí lọ sí mẹ́rì.
Màá ní: ẹ̀yin ìjọba, ẹ wo àtẹ̀gùn tí ẹ fi ń ka owó.
Bí èèyàn bá ṣe ń gùn ún ni owó ń ga,
kí olówó lè san ju tálákà lọ. Ó dáa.
Àmọ́ yàrá mẹ́fà la fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo gùn ún,
ẹ bá wa lókè, ẹ pè wá ní olówó.
Ẹ fún yàrá kọ̀ọ̀kan ní kọ́ńtọ̀ tirẹ̀,
ẹ má fi owó kọ́ńtọ̀ ọ̀hún tún lé wa sá.
Ẹ yọ owó orí kúrò lórí gílóòbù àkọ́kọ́,
èyí tí ọmọ fi ń kàwé, tí abiyamọ fi ń wo ibà.
Ẹni tó gbé ẹ̀rọ amúlétutù sí yàrá mẹ́rin,
kó wá kún un.
Oòrùn Kétu tó ń sun páànù wa láti àárọ̀,
ṣé ẹnikẹ́ni ti bi í léèrè iṣẹ́ tó lè ṣe?

Bóyá akọ̀wé á ní kí n padà wá lọ́jọ́ Ajé.
Màá padà lọ. Mo ti fẹ̀yìn tì, àyè wà fún mi.

Mo ń wá báírò nígbà tí ọ̀pá kan ilẹ̀kùn mi.
Bàbá Sùnmọ́nù ni. Ó na igba sẹ́fà sí mi,
ó ní: “Kọ orúkọ mi síbẹ̀ kó hàn gedegbe.
Kí wọ́n mọ̀ pé afọ́jú náà ń sanwó iná.”