Ẹsẹ̀ Tuntun

Ní Bùkúrù, lẹ́yìn kòtò táwọn awakùsà fi sílẹ̀,
Davou gé ẹsẹ̀ iwájú Hílúùsì mi dànù
bí ẹni ń gé ànàmọ́.
Mo ní, "Ṣé o ò ní bà á jẹ́?"
Ó ní, "Òkúta ti bà á jẹ́ kí n tó dé."

Ọ̀pá kan ṣoṣo ló fi rọ́pò rẹ̀,
látara Lándírófà kan tí adìyẹ ti ń yé sí.
Iná wẹ́lídà kọ yẹ̀rì; mo kọjú sógiri.

Lórí títì, ó ń jù wá bíi kẹ̀kẹ́ ẹrù.
Ìyàwó mi ń fi àpótí gùn ún.

Ṣùgbọ́n lórí àpáta Ríyọ̀mù
tayà òsì gòkè, tọ̀tún wọ kòtò,
kò sí èyí tó ní kò kan òun.